Ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà: oògùn wo ló bá ta mu nínú àwọn tó ń tẹ iṣan ìtagìrì?

Oògùn méjì lè mú BP wálẹ̀ dé iye kan náà, kí ọ̀kan máa ti ṣúgà sókè díẹ̀díẹ̀, kí èkejì má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá kò ní sọ ìyẹn fún yín. Nínú àwọn tó ń wá ra oògùn níbi káńtà wa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ń bá jà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Ikùn ti yọ, ṣúgà ti ń yọjú, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti ga, ìyàwó sì ń sọ pé ọkọ òun ń hanrun mọ́jú. Irú wọn ni mo ń kọ èyí fún, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n á bi dókítà wọn. Apòògùn ni mí, n kò lè yan oògùn fún ẹni tí n kò rí.

Iṣan tí ọ̀rọ̀ dá lé

Bí ajá bá já lu èèyàn lójijì, kí ó tó rò ó pé òun fẹ́ sá, àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì. Iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní sympathetic. Èmi á máa pè é ní iṣan ìtagìrì. Láti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀, ó sì nà dé ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọ̀rá ara àti òpó ẹ̀jẹ̀ gbogbo. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ noradrenaline ló ń tú sílẹ̀ níbi tó bá parí sí. Ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín á sì da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀dọ̀ á kó ṣúgà tó ti tọ́jú síta, ọ̀rá á yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ínsúlìn tó ń jáde á dínkù, kíndìnrín á sì di iyọ̀ mú. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀ bí a bá fẹ́ sáré. Tí ó bá wá ń ṣẹlẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tọ̀sán tòru, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn ló ń dà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ọpọlọ lè ránṣẹ́ ṣúgà. Ní 1849, Claude Bernard, onímọ̀ ará Faransé, fi abẹ́rẹ́ gún ibì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ehoro, ṣúgà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìtọ̀ ehoro náà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, Lewis Landsberg ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé nínú ẹni tó sanra, ínsúlìn tó pọ̀ jù fúnra rẹ̀ ló ń ta iṣan yìí jí. Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, Murray Esler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn noradrenaline tó ń ṣàn jáde láti ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé iṣan tó lọ sí kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ àṣejù lára àwọn tó sanra. Ẹ wá wo bó ṣe ń yí po: òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹran ara fún, ṣúgà kò ráyè wọlé dáadáa, ínsúlìn pọ̀ sí i láti fi tì í, ínsúlìn náà tún ta iṣan jí. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun tún ń fi tirẹ̀ kún un, torí gbogbo ìgbà tí èémí bá há ni iṣan yìí ń ta gìrì.

Oògùn lè bá iṣan yìí nínú ọpọlọ, ó lè bá a lẹ́nu ibi tó ti ń tú noradrenaline sílẹ̀, ó sì lè dí ẹnu ọ̀nà tí noradrenaline ń kàn lára ọkàn tàbí lára òpó ẹ̀jẹ̀. Ibi tó ti bá a ni ìyàtọ̀ wọn ti ń wá.

Atenolol àti propranolol lọ́wọ́ kan, carvedilol àti nebivolol lọ́wọ́ kejì

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni à ń pè ní beta-blocker. James Black ló ṣe propranolol jáde ní àwọn ọdún 1960, ara ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1988 nìyẹn. Wọ́n ń dí ẹnu ọ̀nà adrenaline lára ọkàn, ọkàn á rọra máa lù, BP á sọ̀kalẹ̀. Àmọ́ atenolol àti propranolol kò ṣí òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ẹran ara kò pọ̀ sí i, ṣúgà kò sì rí ibi wọ̀ dáadáa. Wọ́n tún ń dín bí ara ṣe ń jó oúnjẹ kù, kílò kan méjì á sì gorí ìwọ̀n.

Ní 2002, ìwádìí LIFE fi losartan wé atenolol lára èèyàn 9,193 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Àwọn tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí i lọ́dọ̀ àwọn tó lo losartan. Ní 2005, ASCOT fi amlodipine pẹ̀lú perindopril wé atenolol pẹ̀lú oògùn atọ̀jáde, lára èèyàn 19,257. Níbẹ̀ náà, àtọ̀gbẹ tuntun fi nǹkan bí ìdá 30 kéré lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ amlodipine. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2006, NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ beta-blocker kúrò nínú oògùn tí a kọ́kọ́ ń fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Àpapọ̀ atenolol pẹ̀lú oògùn atọ̀jáde bíi hydrochlorothiazide ni kí ẹ fojú sí jù. Bí ẹnì kan bá ní ikùn, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n wá kọ méjèèjì pa pọ̀ fún un, ó yẹ kó bèèrè ìdí.

Bẹ́ẹ̀, kí a má sọ atenolol di májèlé. Nínú ìwádìí UKPDS tó jáde ní 1998, níbi tí gbogbo àwọn aláìsàn ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, atenolol dáàbò bò wọ́n bí captopril ṣe ṣe. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwúwo: àwọn tó lo atenolol fi kílò 3.4 sanra sí i, àwọn tó lo captopril fi 1.6. Ẹni tó ti ń lo atenolol bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ṣúgà rẹ̀ kò sì yí padà, kò sí ìdí fún un láti máa sáré kiri torí ohun tó kà lórí fóònù.

Carvedilol yàtọ̀ nítorí pé ó tún ń dí ẹnu ọ̀nà alpha tó wà lára òpó ẹ̀jẹ̀, òpó á sì ṣí. Nebivolol gba ọ̀nà mìíràn, ó ń mú kí awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ tú nitric oxide jáde, èyí tó ń ṣí òpó náà. Ìwádìí GEMINI ní 2004 fi carvedilol wé metoprolol, beta-blocker irú atenolol, lára èèyàn 1,235 tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. BP méjèèjì bá ara wọn dọ́gba. HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta, gòkè díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo metoprolol, kò sì kúrò lójú kan lọ́dọ̀ àwọn tó lo carvedilol. Ní ti ìwúwo, metoprolol fi nǹkan bíi kílò 1.2 kún un, carvedilol 0.2. Èmi fúnra mi, bí beta-blocker bá di dandan fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, apá carvedilol àti nebivolol ni mo máa ń tẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a ń lo carvedilol, pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó bá lò ó lórí ikùn òfìfo lè dìde kí òòyì kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni ti nebivolol, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ sábà máa ń ga ju tàwọn yòókù lọ.

Ìgbà wo ló di dandan? Lẹ́yìn tí àrùn ọkàn bá ti kọ lu èèyàn, nígbà tí ọkàn kò bá lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó bó ṣe yẹ, tàbí nígbà tí lílù rẹ̀ kò bá dọ́gba mọ́. Níbẹ̀, ṣúgà tó gòkè díẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí nínú wọn fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn. Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ kan tó ń gún ínsúlìn, tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà tó ń jẹ́ glibenclamide, tó sì tún ń lo propranolol. Ó jẹun àárọ̀ díẹ̀, gosíló há a mọ́ ojú ọ̀nà títí di aago mẹ́ta, kò rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ. Ṣúgà rẹ̀ ń já bọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù, á mọ̀ pé ó ti tó láti mu nǹkan dídùn. Iṣan ìtagìrì ló ń ta á lólobó, propranolol sì ti bo iṣan náà lẹ́nu. Àyà rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Òógùn nìkan ni kò ṣeé bò, torí kẹ́míkà mìíràn ló ń mú un jáde. Òógùn á bò ó, á sì rò pé oòrùn ni. Ẹ̀dọ̀ náà kò ní tètè tú ṣúgà sílẹ̀ láti gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo beta-blocker pẹ̀lú oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀, bí òógùn bá dédé bò ó, kó yẹ ṣúgà wò lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí, kó mu nǹkan dídùn ná. Atenolol kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí tó propranolol, torí ọkàn ló dojú kọ jù.

Doxazosin àti prazosin

Ẹnu ọ̀nà alpha nìkan ni àwọn wọ̀nyí ń dí. Òpó ẹ̀jẹ̀ á ṣí, ínsúlìn á ṣiṣẹ́ dáadáa díẹ̀ sí i, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà á sàn díẹ̀. Lójú ìwé, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ìwádìí ALLHAT ní Amẹ́ríkà ló ba ayọ̀ yẹn jẹ́. Ní 2000, wọ́n dá apá doxazosin dúró kí ìwádìí tó parí, torí pé àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀, tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń lo oògùn atọ̀jáde chlorthalidone. Ìyẹn jẹ́ kí a mọ̀ pé oògùn tó tọ́jú ṣúgà lè má tọ́jú ọkàn.

Kì í ṣe pé kí a dà á nù o. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí prostate kò jẹ́ kó tọ̀ geere, tí oògùn BP méjì kò sì ká tirẹ̀, doxazosin lè bá a yanjú ọ̀rọ̀ méjì pa pọ̀. Kó jẹ́ oògùn kẹta tàbí ìkẹrin ni, kó má jẹ́ àkọ́kọ́. Alẹ́ tó bá fẹ́ sùn ni kó lo hóró àkọ́kọ́, kó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kó tó dìde lóru.

Aldomet, clonidine, àti èyí tó wà nínú asofẹ́yẹjẹ́

Inú ọpọlọ ni Aldomet, ìyẹn methyldopa, àti clonidine ti ń pàṣẹ fún iṣan náà pé kó rọra. Wọn kì í da ṣúgà láàmú púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kunni lóorun, ẹnu á sì gbẹ. Aláboyún ni Aldomet bá mu jù, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń lò ó fún wọn tí ọmọ inú kò sì rí ìpalára. Losartan, lisinopril àti àwọn ìbátan wọn ni aláboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Ẹni tí kò lóyún ń wá Aldomet torí owó rẹ̀ kò ga, àmọ́ oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, tó tún ń múni tòògbé níbi iṣẹ́, ta ló fẹ́ rántí rẹ̀?

Moxonidine jẹ́ ẹbí wọn tí wọ́n ń tà ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún lè bá a pàdé. Kò ṣe ṣúgà níbi, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó: wọ́n dá ìwádìí kan dúró torí àwọn tó kú lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó pọ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Asofẹ́yẹjẹ́ ńkọ́? Àwọn adáhunṣe wa ti ń fi egbò rẹ̀ pẹ̀tù sí wèrè láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Reserpine wà nínú egbò náà ní tòótọ́. Ẹbí rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni Rustom Jal Vakil kọ ìwé lé lórí ní 1949 pé ó ń mú BP wálẹ̀, ara rẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ Ciba ti yọ reserpine jáde ní 1952. Brinerdin, oògùn BP tí àwọn bàbá wa ń lò, reserpine wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbá noradrenaline dànù nínú àpò tí iṣan ń tọ́jú rẹ̀ sí. Níwọ̀nba hóró kékeré, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì pọ́ọ́kú. Bó bá pọ̀ jù, imú á dí, ọkàn èèyàn á sì rẹ̀wẹ̀sì débi pé ẹlòmíì kò ní fẹ́ dìde lórí ibùsùn. Nínú àgbo, kò sí ẹni tó lè wọn iye tó wà nínú ife kan. Ẹni tó ń lo oògùn òyìnbó fún BP, tó tún ń fi asofẹ́yẹjẹ́ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ti iṣan kan náà. Kó mú ọ̀kan.

Àwọn tí kò bá iṣan náà jà tààrà

Fún ọ̀pọ̀ àwa èèyàn dúdú, ibí yìí gan-an ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Amlodipine kò fọwọ́ kan ṣúgà. Losartan, telmisartan, perindopril àti lisinopril dára fún ṣúgà, wọ́n sì ń dáàbò bo kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ti ń bá jà. Àmọ́ lára aláwọ̀ dúdú, wọn kì í sábà tó láti dá iṣẹ́ ṣe. Ìwádìí CREOLE tó jáde ní 2019, tí Dókítà Dike Ojji láti Àbújá ṣe agbátẹrù rẹ̀, wo èèyàn dúdú 728 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, tàbí amlodipine pẹ̀lú perindopril, mú BP wálẹ̀ ju perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide lọ. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, amlodipine pẹ̀lú perindopril ni èmi á mú nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Oògùn | Ṣúgà àti ìwúwo | Ẹni tó bá mu | Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra |
|---|---|---|---|
| Atenolol, propranolol | ń gbé e díẹ̀ | ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré | oníkọ̀ọ́ fée. Ẹni tó ń gún ínsúlìn |
| Carvedilol, nebivolol | kì í yí i padà | alátọ̀gbẹ tó nílò beta-blocker | oníkọ̀ọ́ fée |
| Doxazosin | ń mú un sàn díẹ̀ | bàbá tó ní ìṣòro prostate, bí àfikún | ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí òòyì ń kọ́ |
| Methyldopa | kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà | aláboyún | ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá |
| Amlodipine pẹ̀lú perindopril | dára | ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ aláwọ̀ dúdú | aláboyún |

Oògùn ṣúgà àti oògùn ìsanra náà ní ọwọ́ níbẹ̀

Dapagliflozin àti empagliflozin ń da ṣúgà jáde sínú ìtọ̀, BP á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ọkàn kò sì ní sáré láti fi gba ohun tó sọ nù. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa fura pé wọ́n ń mú iṣan ìtagìrì rọlẹ̀. Ojú ara lè máa yún ni. Semaglutide ń mú ìwúwo àti BP wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi lílù bíi mélòó kan kún iye tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń sáré tẹ́lẹ̀, kó sọ fún dókítà.

Èyí tí n kò ní dákẹ́ lé lórí ni tíì àti kápúsù tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé. Sibutramine jẹ́ oògùn ìsanra tó ń mú kí noradrenaline pọ̀ sí i. Ó ń dín oúnjẹ kù lóòótọ́, àmọ́ ó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010. Léraléra ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ń bá a nínú àwọn ọjà tí wọ́n kọ "ewé àti egbò nìkan" sí lára. Bí tíì bá ń mú àyà yín já, tí kò jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ má mu ún mọ́. Ẹ fojú sí oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine náà, torí òun náà ń ta iṣan yìí jí.

Ti iṣẹ́ abẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ń ki wáyà tín-ín-rín láti ìtan dé òpó ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín, wọ́n á sì jó iṣan tó yí i ká. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2014 kò rí i pé ó ju iṣẹ́ abẹ àfiṣe-bí-ẹni lọ. Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, FDA sì fọwọ́ sí oríṣi méjì ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn àti ìṣesí kò ká. Wọn kò fọwọ́ sí i fún àtọ̀gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ san owó rẹ̀ torí ṣúgà, owó rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣòfò.

Rírìn kíákíá lójoojúmọ́ àti dídín ìwúwo kù ń mú iṣan yìí rọlẹ̀ láìbá ẹnì kankan jà. Fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, ẹ̀rọ CPAP tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú lè ṣe ju oògùn kẹrin lọ.

Kí ẹ tó gbà, àti kí ẹ tó fi í sílẹ̀

Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń ba iṣan ìtagìrì fúnra rẹ̀ jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, BP rẹ̀ lè ga lórí ibùsùn kó sì já nígbà tó bá dìde. Ẹ dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọn BP. Ẹ dìde dúró, ẹ tún wọn ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá já tó 20, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ já tó 10, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ bá dókítà kó tó kọ doxazosin, carvedilol tàbí clonidine fún yín. Bí ọkàn bá ń lù ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ sọ ìyẹn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀, kó má dédé dá oògùn dúró. Clonidine burú jù nínú èyí: láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí èèyàn bá fi í sílẹ̀ lójijì, BP lè fò kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Atenolol, propranolol àti carvedilol náà, dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí ọkàn tí a ti bò mọ́lẹ̀ lè sáré lódì nígbà tí a bá ṣí i. Bí ẹ bá ń lo beta-blocker àti clonidine pa pọ̀, beta-blocker ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Ẹ ra oògùn tuntun sílẹ̀ kí pákéètì ti àtijọ́ tó ku hóró mẹ́ta.